Orí Iṣu Inú Ebè

“Olè! Olè o!”

Igbe Ọláògún kò tíì parí tó ti fi ẹ̀yìn àdá gbá ọkùnrin kan tó bá nínú oko iṣu rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Egungun kán. Kí ó tó tún gbé àdá sókè, àwọn ará oko ìtòsí ti ya dé tigi-tigi.

Láti ìgbà tí omíyalé ti mú kí ẹ̀gẹ́ jẹrà sínú ilẹ̀ káàkiri Ẹ̀pẹ́, tí owó kóńgò gàrí kan ti di ti mẹ́ta, àánú ti tán lójú ènìyàn. Iṣu orí òkè yìí nìkan ló kù fún Ọláògún àtàwọn ará ilé rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lọ́dún náà, ìbẹ̀rù ebi pàápàá ti tó.

“Ẹ pa á!” Mojúbàolú, olórí ọdẹ tó ń ṣọ́ oko, la igi mọ́ ọkùnrin náà lórí. Ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ẹnìkan ti ń yí táyà bọ̀ láti ojú títì.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá! Tìrìmísíyù lorúkọ mi. Láti Ìkòròdú ni mo ti wá wáṣẹ́ lébìrà. Èmi àtàwọn ọmọ mi ò jẹun látàná. Mi ò gbé nǹkan kan o!”

Ọláògún wolẹ̀. Kò sí àpò, kò sí agbọ̀n. Eérú gbígbóná ló rí, àti èèpo iṣu tó jóná. Ó wo ebè. Ọkùnrin náà ti gé orí iṣu, ó ti dá a padà sínú rẹ̀, ó ti fi erùpẹ̀ bò ó dáadáa kó lè tún hù.

Ta ni kò mọ̀ lábà yìí pé ẹni tébi ń pa lè sun iṣu olóko jẹ lóko, bí kò bá ṣáà ti gbé e lọ sílé? Ìyẹn kì í ṣe olè. Bàbá Ọláògún ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ojú tì í. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi pe ikú sí ọmọ ọlọ́mọ.

Wọ́n ti fi táyà kọ́ Tìrìmísíyù lọ́rùn. Ọláògún ṣubú lé e, ó dì mọ́ ọn.

“Irọ́ ni mo pa! Èmi ni mo ní kó jẹ ẹ́!”

“Bàbá, ẹ dìde ńbẹ̀!” Igi Mojúbàolú bà á lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ sun wá pọ̀.”

Ariwo rọlẹ̀. Mojúbàolú tutọ́ sílẹ̀. “Bí olè gidi bá dé, ẹ má pè wá o.” Wọ́n wọ́ táyà wọn lọ.

Ọláògún kò lè wo ojú ọkùnrin náà. Ó wa iṣu méjì. “Tàwọn ọmọ rẹ nìyí.”

Tìrìmísíyù na ọwọ́ òsì sí i.

“Má fọwọ́ kàn án,” ni Ọláògún wí. “Bí wọ́n bá rí i lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà, wọn á pa ọ́.”

Ó gbé iṣu náà rù fúnra rẹ̀, ó fi èjìká gbé ọkùnrin náà ró, wọ́n sì kọjú sí ọ̀nà Ìkòròdú.