Àkíyèsí Ìsàlẹ̀ Ìwé

Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kọmá rí i pé òun ti fi ọwọ́ ara òun ba nǹkan jẹ́.

Àwọn ọmọ ọ́fíìsì ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ń yẹ ìwé wò nílé ìtẹ̀wé kó tó wá síbi tí wọ́n ti ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà yìí, wọ́n sì ní bí eṣinṣin bá bà lé ìwé, yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá kọmá ni kó tó lé e. Kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìwé ìlànà ni iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè lo ohun tí wọ́n ṣe. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ètò kan tó ń kó àpilẹ̀kọ láti ìkànnì kan lọ sí òmíràn, bí ẹni ń kó ẹrù kúrò nílé àtijọ́ lọ sí ilé tuntun.

Òfin kan wà níbẹ̀: ẹni tó bá kọ ìwé ìlànà gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ lé e, kó má sì ṣe ju ohun tí ìwé sọ lọ, kó tó dé ọwọ́ aráyé. Àpilẹ̀kọ ìyàwó rẹ̀ ló fi dán tirẹ̀ wò.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ìyàwó náà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń kọ̀wé sí àwọn abiyamọ tuntun lórí ìkànnì kan, títí ó fi ku ọjọ́ mẹ́ta tó kú. Ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ni ìkànnì àtijọ́ náà ti kéde pé aago mẹ́rin òní ni àwọn máa tì í pa. Ọmọbìnrin rẹ̀ pè é títí lórí fóònù nípa rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Láti oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti sin ìyá náà, kò lè ṣí ojú ewé rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ló ń sún un síwájú títí ó fi di òní.

Ó tẹ̀ lé ìwé rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kìíní dé ìkẹjọ. Ẹrù dé ilé tuntun. Ó ṣí ọ̀kan wò. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ òní. Ó ṣí òmíràn, bákan náà. Àpilẹ̀kọ lórí bí ìyá ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ti mu ọmú yó, òun ni wọ́n ní ó kọ ọ́.

Ó ránṣẹ́ pe ọmọbìnrin tó ṣe ètò náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹnjiníà. Ẹnjiníà bi í bóyá ó fi àmì sí àpótí tó ń pa orúkọ òǹkọ̀wé àti ọjọ́ mọ́. Bàbá ní ó wà nínú ìwé. Ẹnjiníà ní níbo. Ó fi hàn án: lábẹ́ ìgbésẹ̀ kẹjọ, ní lẹ́tà wínníwínní, Àkíyèsí. Ibẹ̀ ló ń fi í sí fún ọgbọ̀n ọdún nílé ìtẹ̀wé.

“Bàbá, ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì kì í wo ìsàlẹ̀,” ni Ẹnjiníà sọ jẹ́ẹ́. “Kó tó dé ibẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ tán.”

Bàbá béèrè bóyá wọ́n lè kó o lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnjiníà ṣàlàyé pé ètò náà kì í kó ohun tó bá ti wọlé tẹ́lẹ̀. Àfi kó kọ́kọ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nílé tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni kíkó ti àkọ́kọ́ gbà. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú ọ̀nà, èyí tó kù lẹ́yìn ti lọ nìyẹn.

“Tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ wọn ṣáà wà níbẹ̀.”

Bàbá yan gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà bi í pé: Ṣé ó dá ọ lójú pé o fẹ́ pa wọ́n rẹ́? Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìbéèrè náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lójú kan.

“Ẹ jẹ́ n bá yín tẹ̀ ẹ́, sà.”

“Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sin ín,” ni bàbá náà wí.

Ẹnjiníà fa àga, ó jókòó tì í. Aago ara ògiri ń lọ. Ó di mẹ́ta àbọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún.

“Òun ló kọ wọ́n,” bàbá ní. “Èmi kọ́.” Ó tẹ̀ ẹ́.

Ojú ewé ṣófo. Ó fi àmì sí àpótí náà, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀. Ogún wọlé, ọgọ́ta wọlé. Nígbà tó dé ogóje, ó dúró. Ẹnjiníà ní àwòrán àwọn ọmọ ọwọ́ ló wúwo, kó má ṣe tẹ nǹkan kan rárá. Bàbá ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan bí ọmọ iléèwé. Lójijì, kíkó náà tún mira, ogóje ó lé kan. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn wọlé, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ó ṣí i. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ni, àti Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn yẹn. Orúkọ yẹn nìkan ló kà. Àpilẹ̀kọ yóò di ọjọ́ mìíràn.

“Ẹni tó jìn sí kòtò,” ni Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀.

“Jẹ́ n gbọ́ràn,” bàbá ní. Ó ti gbé gbólóhùn Àkíyèsí náà kúrò nísàlẹ̀, ó sọ ọ́ di ìgbésẹ̀ kìíní, ní lẹ́tà tó ki. Ó wá bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù pé ẹrù ìyá rẹ̀ ti dé, kò sí èyí tó sọnù. Lẹ́yìn náà ó tún ṣí ìwé ìlànà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí òfin ni òfin.