Ohun Tí Nọ́ọ̀sì Kò Kọ́ Ọmọ Rẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin náà ti fi ṣe nọ́ọ̀sì ní iléèwé girama kan ṣoṣo. Yàrá ìtọ́jú rẹ̀ kò yí padà láti ọjọ́ tó ti débẹ̀: bẹ́ẹ̀dì méjì, kọ́bọ́ọ̀dù oògùn kan, àti àga onígi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Àwọn ọmọ iléèwé ń pè é ní Mọ́mì Tẹmómítà lẹ́yìn, torí pé orí fífọ́ ni o, ẹsẹ̀ tó rọ́ ni o, àbí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tó wá ń fi inú rírun bojú, ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kó ki tẹmómítà bọ ọmọ náà lábíyá. Ó mọ̀ pé orúkọ yẹn ni wọ́n ń pe òun. Kò dùn ún.

Lọ́dọọdún, tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá jáde, òun ló máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀ tó bá kúrò lábẹ́ òbí. Lọ́dún yìí, ọ̀gá àgbà iléèwé fúnra rẹ̀ rìn wá bá a. Ó jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, àga náà mì lábẹ́ rẹ̀, ó tún dìde.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká fi ti ọdún yìí sílẹ̀,” ló wí. “Kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ọ̀sẹ̀ méje péré rèé tí bàbá lọ.”

“Mo máa ṣe é, sà.”

“Ara ńkọ́?”

“Ara ò le, ara ò rọ̀, sà. Mo kàn wà ni.”

Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà ti kú, kò sí ohun tó dùn ún, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn. Tó bá fi oúnjẹ sẹ́nu, bí ẹni ń jẹ bébà ni. Nígbà tí àwọn èèyàn wá kí i kú àṣẹ̀yìndè, òun ló ń gbé omi fún wọn, òun ló ń to àga. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ mà le o, omijé ò tilẹ̀ bọ́ lójú ẹ̀. Ó gbọ́ wọn. Kò bínú. Ìbínú náà ń fẹ́ agbára.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni. Nọ́ọ̀sì lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ṣe fún àwọn nọ́ọ̀sì iléèwé, wọ́n sì ní kí gbogbo èèyàn pa fóònù. Ọkọ rẹ̀ wà nílé pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ, àmọ́ Kékeré tí wọ́n sọ ọ́ láti ìkókó náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Bàbá ń fá ilẹ̀kùn kan lẹ́yìnkùlé. Ó wọlé, ó ní àyà ń há òun díẹ̀, òun fẹ́ mu omi. Ife ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ṣubú tẹ̀ lé e.

Kékeré pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò wọlé. Ó pe àwọn áńbúláǹsì. Obìnrin tó gbé e bi í pé, “Níbo lẹ wà?”

Ó ní, “Ilé wa.”

“Òpópónà wo? Nọ́ńbà mélòó?”

Òpópónà tí wọ́n ń gbé pín sí mẹ́ta, orúkọ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́. Kékeré kò mọ̀ pé apá kẹta ni tiwọn, kò sì mọ nọ́ńbà ilé. Ó sáré lọ wo géètì. Bàbá rẹ̀ ti kun géètì náà lóṣù tó kọjá, ọ̀dà sì ti bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, kò sẹ́nìkan nílé. Áńbúláǹsì rìn gbéregbère káàkiri òpópónà méjì yòókù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí wọ́n tó rí wọn. Ara bàbá ṣì gbóná nígbà tí wọ́n dé, àmọ́ onílé ti jáde nínú ilé.

Ẹnu awakọ̀ áńbúláǹsì ni nọ́ọ̀sì ti gbọ́ gbogbo èyí. Kò bi ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò sì sọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń bára wọn jà. Wọ́n kàn ń gbé nínú ilé bí ayálégbé méjì tí ilé ìdáná pa pọ̀. “Ẹ káàárọ̀, mà.” “Káàárọ̀.” Ó parí. Ìyá á jáde, lẹ́yìn náà ni ọmọ á tó jáde, iléèwé kan náà sì ni wọ́n ń lọ.

Lọ́jọ́ tó bá àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló jókòó nínú gbọ̀ngàn. Kékeré wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ń wo ìta. Nọ́ọ̀sì tú ìwé tó máa ń kà lọ́dọọdún. “Ẹ máa fọ eyín yín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ máa sùn lásìkò.” Kò kà ju ìlà méjì lọ. Bí ìgbà tó ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ẹlòmíì ló rí lójú rẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó tì í bọ àpò.

“Ẹ mú bébà kan,” ló wí. “Ẹ kọ orúkọ yín sí i. Ká ní èèyàn ṣubú nílé yín báyìí, ẹ sì pe áńbúláǹsì. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ yín láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.”

Ọmọkùnrin kan tí wọ́n mọ̀ sí aláwàdà nawọ́. “Mọ́mì, ẹ ní kí wọ́n kàn béèrè bàbá mi. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ wọ́n ládùúgbò.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

“Tó bá jẹ́ bàbá ẹ ló ṣubú ńkọ́?”

Ẹ̀rín náà dá bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti pa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó gba bébà náà lọ́wọ́ wọn, ó ń kà á lórí ìdúró. “Ilé aláwọ̀ ewé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.” “Ẹ máa bọ̀ tààrà, ẹ máa rí ajá funfun kan.” “Ilé àǹtí mi.” Nínú gbogbo èyí tó kà, èyí tí áńbúláǹsì lè tọ̀ dé ilé kò tó ìdámẹ́ta.

Ó wá kọ́ wọn. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ó ní ibi tẹ́ ẹ wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, kẹ́ ẹ tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, torí fóònù lè já. Ẹ má pa fóònù àfi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá pé méjì, kí ẹnì kan lọ dúró lójú títì kó máa juwọ́. Ó ní kí wọ́n há nọ́ńbà fóònù èèyàn méjì sórí, nítorí kò sí báńtìrì tí kì í kú. Ó ní kí wọ́n mọ oògùn tí àwọn ará ilé wọn ń lò, kí wọ́n mọ ibi tó wà. “Tí dókítà bá bá yín sọ̀rọ̀ tí kò bá yé yín, ẹ sọ pé kò yé mi. Ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ náà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìtìjú ò gba ẹ̀mí là rí.”

Lẹ́yìn náà ló tẹ́ fóòmù bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó fi ọwọ́ kan lé èkejì láàárín rẹ̀ bíi pé àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró ni. “Apá yín gbọ́dọ̀ nà gbọnrangandan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kó yá, ẹ má sì dúró. Egungun ìhà lè dá. Ẹ jẹ́ kó dá. Egungun tó dá máa ń san. Ẹni tó bá ti kú kì í san.”

Kékeré dìde, ó sì jáde. Kò gbá ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì rí i, ó ń bá kíkà rẹ̀ lọ: méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án.

Nígbà tó padà sí yàrá rẹ̀, ó rí bébà ọmọ rẹ̀ nísàlẹ̀ gbogbo tiwọn. Nọ́ńbà ilé wà níbẹ̀, àti apá kẹta òpópónà, àti ìyànà tí wọ́n máa kọ́kọ́ rí, àti àwọ̀ géètì. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: “Ẹ tètè máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́.” Nọ́ọ̀sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká bébà náà, ó sì lọ fọ ọwọ́.

Kékeré ló kọ́kọ́ délé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé, ó ń gé àlùbọ́sà nílé ìdáná, ìkòkò kan sì wà lórí iná. Kò bojú wẹ̀yìn.

“Mọ́mì, èmi lẹ ń bá wí níwájú àwọn ẹgbẹ́ mi.”

“Mi ò bá ẹ wí.”

“Ta lẹ wá ń bá wí?”

“Ara mi ni.”

Ọ̀bẹ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lórí pákó. Nígbà tí Kékeré tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rí bíi ti ẹni tó ń ka orúkọ ọjà tó fẹ́ rà.

“Obìnrin orí fóònù yẹn sọ fún mi pé kí n tẹ àyà wọn. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó dà bíi pé egungun wọn máa dá, ni mo bá gbé ọwọ́ kúrò. Mo kàn jókòó tì wọ́n. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Nọ́ọ̀sì fa àpótí kan, ó jókòó.

“Mọ́mì, ká ní mo tẹ̀ ẹ́, ṣé wọn ò ní kú?”

Nọ́ọ̀sì mọ èsì tó dùn ún gbọ́. Ó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn rí: àkókò ló tó, kò sọ́wọ́ ẹ níbẹ̀. Àmọ́ ọmọ nọ́ọ̀sì ni Kékeré. Á mọ̀ pé irọ́ ni.

“Mi ò mọ̀,” ló wí. “Dókítà ní iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn wọn ló dí. Ẹlòmíì wà tí nọ́ọ̀sì mẹ́ta máa wà lórí ẹ̀ tó ṣì máa kú. Ẹlòmíì á yè. Ti bàbá ẹ, mi ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ láéláé.”

Kékeré mi orí.

“Èyí tí mo mọ̀ nìyí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ, mo ní o ṣì kéré. O pé ọmọ ọdún méjìlá, èmi ni mo ṣì ń gé èékánná ẹ. Bàbá ẹ ló kun géètì, èmi ni mo ra ọ̀dà, kò sẹ́ni tó rántí nọ́ńbà nínú àwa méjèèjì. Àwa la gbé ẹrù yẹn lé ẹ lórí, Kékeré, a ò sì fún ẹ lóṣùká.”

Omi ń bọ́ lójú Kékeré, àmọ́ àlùbọ́sà ni, àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ẹ kọ́ mi báyìí.”

Wọ́n lọ sí pálọ̀. Nọ́ọ̀sì gbé tìmùtìmù ńlá orí àga sílẹ̀, Kékeré kúnlẹ̀ tì í, ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni ń pa ọmọ lẹ́kún.

“Kò tó.”

Ó tún tẹ̀ ẹ́.

“Kò tíì tó. Na apá ẹ. Fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́!”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kà á dé ọgbọ̀n, ó kà á dé ọgọ́ta, nígbà tó yá kò kà á mọ́, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́. Irun rẹ̀ tú, òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀. Ojú rírán tìmùtìmù náà já, òwú sì yọ síta. Nọ́ọ̀sì kò dá a dúró. Nígbà tí apá Kékeré kọ̀, ó na gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà dùbúlẹ̀ lódì kejì tìmùtìmù, wọ́n jọ ń wo àjà. Kò sẹ́ni tó sunkún. Òórùn nǹkan tó ń jóná ló gbé wọn dìde, wọ́n sì jẹ ohun tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé nǹkan wá yí padà wàràwàrà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé láti ìgbà náà, ní àràárọ̀ Sátidé, nọ́ọ̀sì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń pa gáàsì. Ibi tí wọ́n ti ń pa iná gbogbo ilé. Bí èèyàn ṣe ń dá lọ rí dókítà, tó máa kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa gbàgbé. Bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnnì tí kò ní já. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni ẹnu wọn gbà, wọ́n sì ń sọ ọ́.

Sátidé kẹta, Kékeré ní òun á bá ìyá òun fọ aṣọ. Ó rẹ yunifọ́ọ̀mù funfun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ gèlè pupa kan nínú omi gbígbóná. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé ìdí ẹ̀rọ, Kékeré ti ń fún èyí àkọ́kọ́. Ó ti di píǹkì.

“Kékeré! Kí lo fi ojú ẹ ṣe? Aṣọ iṣẹ́ mi! Ta ló ń kó funfun pọ̀ mọ́ pupa láyé ńbí? Ṣé o fẹ́ kí n máa lọ síbi iṣẹ́ bí àdídùn ọmọdé ni?”

Aládùúgbò yọjú lórí ògiri, ó sì tún fà sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń dún nínú ọgbà. Ó ti lé ní oṣù méjì tó ti pariwo kẹ́yìn.

Kékeré gbé aṣọ náà sókè, omi ń kán nídìí rẹ̀. “Mọ́mì, ẹ ò tíì kọ́ mi ti ìyẹn.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ wá sọ́nà ọ̀fun nọ́ọ̀sì. Kò tíì rín in tán tí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi tẹ̀ lé e. Ó jókòó sórí kọnkéré tó tutù, ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e bojú, ó sì sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ fún. Kékeré kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó pa omi ẹ̀rọ, ó jókòó tì í, aṣọ òun náà sì tutù.

Lọ́jọ́ Ajé, yunifọ́ọ̀mù píǹkì ni nọ́ọ̀sì wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, torí kò ní òmíràn. Kékeré ní kó dúró de òun. Ó dúró, wọ́n sì jọ jáde.