Ilé tí Bùràímọ̀ Kàn fún Ejò

“Bàbá, kí lẹ fi pa igi yìí lára?”

Jàmíátù wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ráàkì tuntun náà, ó ti fa rọ́bà ìsàlẹ̀ pátápátá jáde dé ìdajì. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. Ohun tó ba Bùràímọ̀ lẹ́rù gan-an nìyẹn, nítorí ọmọ tí òun bí, bí inú bá bí i, gbogbo àdúgbò Natako ló máa ń gbọ́.

Bùràímọ̀ nọrùn wo inú rọ́bà náà láti ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ súnmọ́ ọn. Ejò ere tó wà níbẹ̀ ti dojú ikùn sókè. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń gbọ̀n láti orí dé ìrù bí ẹni tí ibà mú. Kí Jàmíátù tó gbé e lé itan, ó ti dákẹ́. Jàmíátù fi ọwọ́ ra á níkùn, ó pè é lórúkọ, “Àbẹ̀kẹ́!”, ó tún un pè. Ejò kò mira.

“Fáníìṣì kọ́ o,” ni Bùràímọ̀ dáhùn. “O ní kí n má fi fáníìṣì kùn ún, mi ò sì fi kùn ún. Oògùn ikán lásán ni. Kẹrosíìnì tí mo po mọ́ ọ̀tapíápíá.”

“Ọ̀tapíápíá!” Jàmíátù gbójú sókè. “Èyí tí wọ́n fi ń pa aáyán? Bàbá, inú ilé tí ejò máa sùn sí lẹ fi ọ̀tapíápíá sí?”

“Ara igi ni mo fi sí. Kò kan rọ́bà rárá.”

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: Bùràímọ̀ kò fẹ́ràn ejò. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀? Nígbà tí Odò Ọya kún tó wọ inú ìlú, omi gbá àwọn ọmọ ere wọ gọ́tà, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi igi lù wọ́n pa kiri. Jàmíátù, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gíga kan ní Karaworo nípa ohun abẹ̀mí, ló kó mẹ́ta nínú wọn sínú báàgì tó fi ń gbé ìwé, ó kó wọn wálé. Kàrímọ́tù ìyá rẹ̀ sáré dé títì kó tó rántí pé ìró òun kò so. Bùràímọ̀ ní ejò ni yóò kúrò nílé yìí tàbí òun. Nígbà tó ṣe, ejò kò kúrò, òun náà kò kúrò. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni.

Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni Jàmíátù sọ ní Àbẹ̀kẹ́.

“Oríkì ìyá mi lo fi sọ ejò?” ni Bùràímọ̀ bi í lọ́jọ́ náà.

“Ó rẹwà ni, Bàbá.”

Bàbá gbé ayùn, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ìsọ̀ káfíńtà rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ yìí kan náà ló ti ọmọrí abọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ó gba abẹ́ ògiri kọjá, ó sì gbé ọmọ adìyẹ Obed mì. Obed, ará Ígálà tí ògiri pa òun àti Bùràímọ̀ pọ̀, kó àwọn èèyàn wá pẹ̀lú àdá. Bùràímọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì ṣèlérí pé òun yóò kan ilé tí ejò kankan kò ní lè jáde nínú rẹ̀. Wọ́n gbà, wọ́n lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí àwọn bá tún rí ejò níta, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí àwọn.

Báyìí ni ráàkì ṣe bẹ̀rẹ̀. Jàmíátù ló ya àwòrán rẹ̀: férémù igi tí rọ́bà kọ̀ọ̀kan yóò máa wọ̀ sábẹ́ pákó tirẹ̀ wẹ́kú, tó jẹ́ pé pákó orí rẹ̀ ni yóò dà bí ọmọrí fún un. Tó bá dé láti ilé ìwé, yóò wá di etí tépù mú ní ìsọ̀ bàbá rẹ̀, wọn yóò máa wọn igi, wọn yóò máa jiyàn, wọn yóò máa rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gánwó tó ti gbẹ dáadáa, tí Bùràímọ̀ ti ń tọ́jú fún iṣẹ́ gidi, òun ló gé fún ejò.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, tí ọmọ wà ní ilé ìwé, ó ṣe ohun tó máa ń ṣe sí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Igi kì í kúrò ní ìsọ̀ Bùràímọ̀ láìmu oògùn ikán. Ikán àdúgbò yẹn kò mọ olówó, kò mọ tálákà, bẹ́ẹ̀ ni Bùràímọ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ láéláé pé àga òun lulẹ̀. Tí oníbàárà bá gbéṣẹ́ wá, á fi bọ́rọ́ọ̀ṣì pa á lára lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Ti ọmọ rẹ̀ yìí, ó pa á títí igi fi mu ún yó, ó fi dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ó sá a sóòrùn títí imú rẹ̀ fi sọ fún un pé òórùn rẹ̀ ti lọ. Imú wo, ẹ̀yin èèyàn mi? Imú tó ti ń fa kẹrosíìnì láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́! Jàmíátù ní tirẹ̀, ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ti dí i nímú pátápátá. Ó to rọ́bà sínú ráàkì, ó ti fèrèsé nítorí eruku, ó sùn sí yàrá ìyá rẹ̀ kí ìyá lè fi àbọ́níkì pa á láyà. Ìgbà tó jí lówùúrọ̀ tó wá wò wọ́n, ohun tó bá nìyẹn.

“Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa á ni,” ni Jàmíátù wí.

“Kí lo wí?”

“Ẹ ò fẹ́ wọn rí. Ẹ sì ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ wá ọ̀nà tí ẹ fi máa pa wọ́n láìfọwọ́ kàn wọ́n, ẹ sì jẹ́ kí n bá yín di tépù mú!”

“Jàmíátù, mo fi Ọlọ́run tó dá mi búra—”

Kò dúró gbọ́. Ó kó àwọn méjì tó kù bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá, ó fi omi nu rọ́bà, ó fi aṣọ tútù nu wọ́n lára. Àwọn yẹn ṣì ń yọ ahọ́n. Ó wá mú fóònù, ó pe Títílọpẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àbújá. “Yàrá tó o ní mo lè wá bá yín pín, ṣé ó ṣì wà? Ó dáa. Mò ń bọ̀ lónìí.”

Kàrímọ́tù fà sún mọ́ ọkọ rẹ̀. “Bàbá Jàmíátù, ọmọ kan ṣoṣo ló kù sí wa lọ́rùn nílé yìí. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé lóòótọ́ lẹ ò mọ̀?”

Ìbéèrè yìí dùn ún ju ti ọmọ lọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó wo inú ara rẹ̀. Ṣé ó kórìíra ejò? Ó kórìíra wọn. Ṣé inú rẹ̀ ì bá dùn ká ní wọ́n lọ? Yóò dùn dáadáa. Ṣé ó mọ̀? Kò mọ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń fi àìmọ̀ han ọmọ rẹ̀? Omi lé ròrò sí i lójú, ojú sì ń tì í.

Bó ṣe jókòó síbẹ̀ ni Obed wọlé. Ó ti gbọ́ igbe láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ó sì ti lóye rẹ̀ bó ṣe wù ú.

“Bàbá Káfíńtà, you try!” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. “Àgbà ni yín lóòótọ́. Ẹ kan ilé fún wọn, ẹ wá fi oògùn sínú ilé! Ẹ kò bá ọmọ jà, ẹ kò pariwo. Gbogbo wa la máa wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn tó kù ńkọ́?”

Jàmíátù wà lójú fèrèsé, ó ń ká aṣọ sínú àpò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Bùràímọ̀ mọ̀ pé bí òun bá kàn rẹ́rìn-ín, ìjà àdúgbò ti parí nìyẹn. Ó dìde.

“Obed, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Iṣẹ́ mi ni mo bàjẹ́.”

“Haba, Bàbá! Iṣẹ́ yín kẹ̀?”

“Iṣẹ́ mi. Mo kan ilé, ilé náà sì pa ẹni tí mo kàn án fún. Lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ilẹ̀kùn fún mi ṣe, kó mọ̀ pé mo ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì tó kù, ilé mi ni wọ́n ń gbé. Tí wọ́n bá tún wọ ọ̀dọ̀ rẹ, má pe ọmọ mi. Èmi ni kó o wá bá.”

Obed wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. “Oòrùn Lokoja ti mú bàbá yìí,” ló ń sọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Bùràímọ̀ mú hámà. Ó wọ yàrá ọmọ rẹ̀ lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ráàkì ká. Kò fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ rí. Ọ̀gánwó náà le, ó ti kàn án dáadáa, ó sì làágùn kó tó kó pákó tó kẹ́yìn jù síta. Ó wá lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó dúró. Ó ní, “Bísímílááhì.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé rọ́bà kan pẹ̀lú ejò nínú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú gbọnrangandan bí ẹni tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná.

Jàmíátù sáré jáde. “Bàbá, ibo lẹ ń gbé e lọ?”

“Yàrá mi. Òun nìkan ni òórùn yẹn kò dé.”

“Yàrá ta ni?” Kàrímọ́tù ti dìde. “Àwa méjèèjì la jọ ń sùn níbẹ̀ tó bá ti tútù o! Kò sí ejò nínú ìwé ìgbéyàwó wa!” Nígbà tó rí i pé ọkọ òun kò dúró, ó sáré ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ó ju bùbá rẹ̀ kan sí èjìká, ó jáde.

Bùràímọ̀ gbé rọ́bà náà sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Jàmíátù gbé ìkejì tẹ̀lé e, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Mo kórìíra wọn,” ni Bùràímọ̀ wí. “Mi ò ní purọ́ fún ọ. Di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, mo ṣì kórìíra wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá fẹ́ràn, Jàmíátù, mi ò lè mọ̀ọ́mọ̀ pa á.”

Jàmíátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Fóònù rẹ̀ ń dún nínú àpò aṣọ tó wọ̀, Títílọpẹ́ ni; ó tẹ̀ ẹ́ pa.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, wọ́n ti sin Àbẹ̀kẹ́ sẹ́yìnkùlé. Bùràímọ̀ fa pákó arère tuntun jáde ní ìsọ̀ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó ń wá ayùn. Jàmíátù wọlé, ó di etí tépù mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

“Bàbá, tí a ò bá fi oògùn sí i, tí ikán bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́?”

“Kó jẹ ẹ́,” ni Bùràímọ̀ wí. “Màá kan òmíràn.”