Ẹ̀ka Tó Ń Yọ Fúnra Rẹ̀

Omi lásán ló lọ mu ní ilé ìdáná. Nígbà tó fi máa padà sídìí tábìlì, ẹ̀ka ọ̀rọ̀ tuntun ti yọ lára àwòrán tó wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Ní àárín àwòrán náà ni òun fúnra rẹ̀ ti kọ MÀMÁ sí ní àárọ̀. Ẹ̀ka tuntun náà ní: Ẹ má jẹ́ kó di alẹ́. Ẹ̀rù òkùnkùn máa ń bà á.

Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dá a lójú pé kò sọ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìpolówó ọjà ló ń ṣe, ibẹ̀ ló sì ti mọ ẹ̀rọ yìí lò. Ní ọ́fíìsì wọn, bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, wọn á gbé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ náà sórí tábìlì, wọn á kọ ọ̀rọ̀ kan sí àárín, ọgbọ́n àtọwọ́dá inú rẹ̀ á sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Ohun tí wọ́n bá fi dáhùn, á gé e kúrú, á so ó mọ́ ibi tó yẹ bí ẹ̀ka igi. Wọn kì í pa á láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá ń kọjá lọ jẹun lè ju èrò tirẹ̀ sí i, ẹ̀rọ náà kì í sì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, kí ọ̀gá má baà gbéraga, kí ọmọṣẹ́ má baà tijú. Bí wọ́n ṣe ń lò ó níbẹ̀ náà ló ṣe ń lò ó nílé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ti ọṣẹ tàbí ti bàtà. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọkọ̀ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó máa wá gbé màmá rẹ̀, àyàfi bí òun bá pè wọ́n pé kí wọ́n má wá mọ́. Màmá ti gbàgbé gáàsì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti jáde láìwọ bàtà, tí àwọn ará àdúgbò fà á lọ́wọ́ wálé. Láti ìgbà òjò, “Ẹ ṣé” nìkan ló ń sọ; á gba àwo oúnjẹ, á yíjú sí ògiri. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ta ni kò mọ ìyẹn? Kò kàn sẹ́ni tó sọ bó ṣe máa ń rẹ ọmọ òkété tó ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó máa ń ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, á kàn jókòó. Ṣùgbọ́n bó bá ti rántí pé ẹ̀yìn obìnrin yìí ni òun dàgbà sí, á dìde, á ṣílẹ̀kùn.

“Ta ló sọ èyí?” ó bi ẹ̀rọ náà.

“A kì í kọ orúkọ sára ẹ̀ka,” ohùn inú rẹ̀ dáhùn, ohùn obìnrin tó tutù. “Bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣé kí n pa á rẹ́?”

“Fi í sílẹ̀.”

Ó jáde lọ ká aṣọ Màmá lórí okùn. Nígbà tó wọlé, ẹ̀ka méjì mìíràn ti yọ. Ọ̀kan ní: Kí wọ́n gé èékánná rẹ̀ kó tó lọ. Kò fẹ́ kí àlejò gé e. Èkejì ló mú kí aṣọ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: Kí ọmọ yẹn má dá nìkan wà lẹ́yìn náà. Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń wọ̀, á máa jẹ etí aṣọ rẹ̀.

Òun ni ọmọ yẹn. Kò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ọkọ tó fi í sílẹ̀, kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ kankan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹ̀rọ. Wọ́n ní ògiri létí. Ta ló wá sọ pé ó tún ní ìrántí?

Ó pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lórí fóònù. “Ṣé ìwọ lò ń kọ nǹkan sínú àwòrán Màmá?”

“Àwòrán wo, Àǹtí mi? Ibi iṣẹ́ ni mo wà o.”

“Nǹkan kan ń bá mi ronú nínú ilé yìí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹ̀rọ wá bá yín ronú. Ó wá ń ronú, ẹ̀ ń sá.” Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọ̀. “Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá gbé Màmá. Ẹ̀ ń kú lọ lójú wa.”

Kò pa ẹ̀rọ náà. Ó rìn lọ sí ilé ìdáná, ó jẹ́ kí bàtà rẹ̀ dún dáadáa, ó ṣí omi sílẹ̀ kó máa ṣàn. Ó wá bọ́ bàtà, ó yọ́ padà, ó fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ilé dákẹ́. Omi ń ṣàn. Ohùn tútù yẹn sì sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ lójú oorun: “Kí ló tún kù, Màmá?”

Ó yọjú. Màmá jókòó sórí àga òun gan-an, ó ń fọwọ́ pa etí ẹ̀rọ náà bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó gún régé.

“O ò tíì jẹun,” ni Màmá ń sọ fún ẹ̀rọ náà. “Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ.”

“Ẹ ṣé, Màmá. Kí ló máa mú kí ìrìn náà rọrùn fún yín?”

“Ẹ wò ó! Kò ro ti ara rẹ̀, tèmi ló ń béèrè. Ọmọ dáadáa ni ọ́.”

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kọ lu ìlẹ̀kùn. Màmá gbójú sókè. Ojú náà mọ́, ojú ẹni tó mọ ibi tó wà, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, mo jókòó sórí àga yín,” ni Màmá wí. “Ọmọ mi ló ń pè mí. Ó fẹ́ gbé mi lọ síbì kan, kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Mò ń bá a wá ọ̀nà tó máa gbà ni.”

“Màmá, èmi ni. Èmi ni ọmọ yín.”

Màmá wò ó tàánútàánú, ó sì fa ẹ̀rọ náà mọ́ àyà. “Ẹ ṣe dáadáa sí mi, mi ò ní purọ́. Ẹ̀ ń fún mi lóúnjẹ, ẹ̀ ń wẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n eléyìí ló máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi.”

Ìgbà wo lòun bi obìnrin yìí ní ìbéèrè kẹ́yìn, yàtọ̀ sí “Ṣé ẹ ti tọ̀?” Ó ti bi dókítà, ó ti bi àbúrò, ó ti bi ẹ̀rọ.

“Kí lẹ fẹ́, Màmá?” ó béèrè wàyí.

Màmá kọjú sí ẹ̀rọ náà, bíi pé ibẹ̀ ni ìbéèrè ti wá. “Mo fẹ́ lọ, ọmọ mi. Bí o bá ṣáà ti ń tẹ̀ lé mi, mo fẹ́ lọ.”

Ọmọ rẹ̀ mú ohun ìgé-èékánná wá, ó kúnlẹ̀. Màmá rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà. “Ẹ fi í sílẹ̀. Ọmọ mi máa gé e.”

Ọkọ̀ dé. Òun àti awakọ̀ náà gbé Màmá wọnú ọkọ̀, ẹ̀rọ náà wà ní itan rẹ̀, ó ń bi í ní nǹkan, Màmá ń fèsì. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kígbe pé kí wọ́n má lọ mọ́. Ó wá sáré wọlé, ó já ṣájà ẹ̀rọ náà kúrò lára ògiri, ó sáré jáde.

“Ẹ gbà,” ó sọ fún awakọ̀ náà. “Ẹ bá mi sọ fún wọn níbẹ̀ kí wọ́n má jẹ́ kí iná ẹ̀rọ yẹn kú. Ọmọ Màmá ló wà nínú rẹ̀.”

Awakọ̀ náà wo ṣájà, ó wo obìnrin tó mú un wá, ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀ gbígbóná. “Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Kí lẹ jẹ́ sí wọn?”

Màmá ń wò ó láti inú ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí ohun tó máa sọ.

“Èmi ni nọ́ọ̀sì,” ó ní, ó sì rọra ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà.