Ìgbà Tí Ológe Béèrè

Ológe ni wọ́n ń pe ọmọ náà nílé, torí pé orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, bí ẹni tó wọ bàtà gogoro. Kò tíì sọ̀rọ̀ rí. Ohun tó bá fẹ́, pàápàá fóònù ìyá rẹ̀, yóò máa fi iwájú orí gbá ògiri títí wọ́n á fi fún un. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, ti kan fóòmù yí pálọ̀ ká, ni Ológe bá yan férémù ilẹ̀kùn láàyò.

Obìnrin tó ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sílé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò ó jẹ́ẹ́.

"Orí tó ń gbá yẹn, ọ̀rọ̀ ló ń sọ," ló wí. "Ó mọ̀ pé ẹ ó gbé fóònù fún òun. Ẹ má fún un mọ́ bó bá ń gbá orí. Ẹ kọ́ ọ kó máa gbé ọwọ́ lé àtẹ́lẹwọ́ yín. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fún un lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ á kọ́kọ́ burú sí i o."

Ó burú lóòótọ́. Ìyá ọmọ náà, aránṣọ ni, á fi tìmùtìmù gbe orí ọmọ, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, omijé á máa dà. Lọ́jọ́ tí iwájú orí Ológe wú bí ẹyin, Màmá Àgbà, ìyá káfíńtà, gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́.

"Ẹ ti bà á jẹ́, Màmá!"

"Kí ni mo bàjẹ́? Ṣé kí n máa wò ó títí orí á fi là ni?"

Aránṣọ gbé tìmùtìmù sílẹ̀. Ara tu òun náà pé ariwo ti dá.

Olùtọ́jú kò bínú nígbà tó gbọ́. "Ọmọ náà ti wá rò pé bí òun bá gbá orí pẹ́, á so èso. Ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀."

"Títí dìgbà wo?"

"Ẹ má bínú, mọ́mì. Mi ò mọ̀."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ológe fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó rìn wá sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé ọwọ́ lé àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán an.

"Màmá! Ẹ wá wò ó! Ó béèrè!"

Aránṣọ sáré gbé fóònù. Bátìrì ti kú; iná ti lọ láti àná. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó sáré kan ilẹ̀kùn aládùúgbò láti yá fóònù, wọn kò sí nílé. Ó fún ọmọ ní òwú, ó yí ẹ̀rọ fún un wò. Ológe kò wò ó. Ó tún gbé ọwọ́ lé àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀, ó ń dúró.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Kò sí iná ni."

Ọ̀rọ̀ náà kò jọ nǹkankan létí ọmọ. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó padà sídìí férémù.

Nígbà tí káfíńtà wọlé, ìyàwó rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àárín orí ọmọ àti igi férémù. Màmá Àgbà ń sunkún lórí àga. Ọkùnrin náà gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó tì wọ́n.

"Yọ ọwọ́ rẹ, ó ti wú," ló sọ, ó sì ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́.