Ajá Méjì, Ẹni Méjì

Henrietta da gárawá omi lé àwọn ajá méjèèjì lórí, wọn ò fira wọn sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì ti gé Tanímọ̀la jẹ lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Àpótí rẹ́dífúṣọ̀n ara ògiri ń kọrin lọ ní tiẹ̀.

Ta ló ṣí ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn sílẹ̀ ná? Àfi àwọn èrò tó wá ṣe ìrántí ọdún kan Ignatius, tí wọ́n jẹun yó tán tí wọn ò mọ ilẹ̀kùn tì! Láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú ni ilẹ̀kùn yẹn ti wà ní títì: Sájẹ́ǹtì lókè lọ́dọ̀ Sísì Louisa, ẹ̀gbọ́n olóògbé, Tanímọ̀la nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ Henrietta, opó rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀" lásán ló kù láàárín àwọn obìnrin náà.

Ọwọ́ Henrietta fẹ́ lọ sí ọrùn ajá. Ó yára fà á padà. Ibi tí Ignatius ki ọwọ́ bọ̀ gan-an nìyẹn nígbà tí àwọn ajá náà jà lọ́dún tó kọjá, egbò kékeré náà ló sì pa á. "Onílàjà ní í fara gbọgbẹ́," làwọn ará Olówógbowó ń wí níbi òkú, bí ẹni pé òwe ń tu opó nínú.

Gbogbo ìgbà tí ajá bá ti ń kùn ló máa ń gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀: "Ẹ wá o! Ẹnì kan wá o!" Ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà láti ẹ̀yìnkùlé. Ó rò pé Sísì Louisa ló sún mọ́ ọn jù, ó sì ń bá ata tó ń lọ̀ lọ.

Lórí àìsàn, ohun kan náà ni Ignatius ń wí ṣáá: "Ẹ má fọwọ́ kan orí wọn. Ẹni méjì ni. Kálukú mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá kan, kẹ́ ẹ jọ fà sẹ́yìn."

Tanímọ̀la ti ń dákẹ́ lọ. Ẹnu ọ̀nà yàrá Ignatius ló ṣì ń sùn títí dòní. Ṣé Henrietta yóò dúró wo ìyẹn náà kú ni?

"Sísì Louisa! Ẹ gbà mí o!"

Kó tó pè é tán, ẹsẹ̀ ti ń dún lórí àtẹ̀gùn. Sísì Louisa wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Sájẹ́ǹtì méjèèjì mú.

"Mú tìẹ, ìyàwó. Rọra o. Tó bá yanu, ká jọ fà wọ́n."

Sájẹ́ǹtì yanu láti mí. Wọ́n fà, wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn, títí gbogbo pálọ̀ fi wà láàárín wọn.

Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Omijé bọ́ lójú Henrietta.

Sísì Louisa ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ajá. "Mo gbọ́ igbe Ignatius lọ́jọ́ yẹn," ló wí. "Mo rò pé o ti lọ bá a."

Ohùn yẹn ń dún létí Sísì náà lókè, láti ọdún kan wá, lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Èmi náà gbọ́ ọ," ni Henrietta wí. "Ẹ má tíì tú ajá sílẹ̀, Sísì mi."