Ààjà Tí Nunziata Gé

Nunziata fipá gba ọ̀rọ̀ ààjà lẹ́nu ìyá rẹ̀ lóṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ tí wọn kì í kọ́ ẹnikẹ́ni àfi tí Kérésìmesì bá ku ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi ń gé ààjà tó bá ń bọ̀ lórí òkun. Fortunata, ìyá rẹ̀, ló ń gé e fún gbogbo Bagnara, ìlú apẹja wọn létí òkun. Á dúró lórí àpáta, á fi ọ̀bẹ gé afẹ́fẹ́, á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ààjà á já, á sì tú ká. Ṣùgbọ́n ara ìyá ti ń lọ. Dókítà ní kò ní rí oṣù kọkànlá. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni Santo, ọkọ Nunziata, ń dá wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ lọ pẹja.

"Màmá, ẹ kọ́ mi báyìí."

"Kò tíì tó àsìkò."

"Tí ẹ bá kú ńkọ́? Ta ló máa gé e fún Santo?"

"Kí Santo lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀."

Santo, tó ń jẹ búrẹ́dì àti àlùbọ́sà lẹ́nu ọ̀nà, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọwọ́ mi yìí? Abẹ́rẹ́ á sọnù síbẹ̀!"

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Nunziata kò jẹ́ kó sinmi. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí, ó sì kọjú sí ògiri. "Èmi ò ní in mọ́. Bóyá ìwọ ní in, mi ò mọ̀." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó kú.

Lóṣù kẹsàn-án, lọ́sàn-án gangan, ààjà sọ̀ kalẹ̀ láti inú ìkùukùu, ó dorí kọ ọkọ̀ Santo. Nunziata mú ọ̀bẹ, ó gun àpáta. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, kò fo ọ̀kan. Ó gé e.

Ààjà já. Apá òkè fà padà sínú ìkùukùu.

"Ọmọ Fortunata!" làwọn obìnrin etí òkun ń kígbe. "Ọwọ́ ẹ mú ju ti ìyá ẹ lọ!"

Apá ìsàlẹ̀ kò wó. Ó dúró lójú omi bí ènìyàn tí kò lórí. Kò pariwo. Afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Nunziata gé e lẹ́ẹ̀kejì, ó gé e lẹ́ẹ̀kẹta, kò já. Ohun náà rọra kọjá lórí ọkọ̀, ó sì pòórá.

Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀. Inú rẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹja mẹ́rin ṣì ń ta pàpà níbẹ̀, Santo kò sí.

Wọn kò rí òkú rẹ̀ títí dòní, àlùfáà kò sì rí nǹkan sin. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Nunziata nígbà tó di opó.